Ẹ pa ìwé yẹn dé ná

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹni ọdún 43 ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà nítòsí Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo. Ìgbà tí mo fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni nǹkan dojú rú, mi ò sì padà sídìí ìwé títí àwọn ọmọ mi fi dàgbà. Mo ti ṣe GCE lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí kírẹ́díìtì mẹ́rin gbà, àmọ́ D7 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo sì gba E8 nínú Government. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ó di aago kan òru. Mo ti há odindi ìwé àròkọ kan sórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó síbi ìdánwò, ṣe ni gbogbo ẹ̀ máa ń fò lọ. Àbí orí àgbà ò gba ẹ̀kọ́ mọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí mo rí i pé òun ló ń dùn yín jù. Kò sí nǹkan kan tó ṣe orí yín. Bí mo bá jókòó tì yín ní ìsọ̀ báyìí, tí mo bi yín pé ta ló jẹ yín lówó, ẹ ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi: ẹni tó kó yáàdì márùn-ún lọ fún ìkómọ tí kò tíì san ìdajì, ẹni tó ní òun á san án níparí oṣù, oṣù mẹ́ta rèé. Ẹ ò ní ṣí ìwé kankan kẹ́ ẹ tó rántí wọn. Kí ló fà á? Ojoojúmọ́ lẹ ń bi ara yín léèrè gbèsè yẹn. Ìwé Government yín ńkọ́? Wíwò lẹ kàn ń wò ó. Ẹ kì í bi í ní nǹkan kan, òun náà kì í bi yín.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín wà, ì báà jẹ́ lórí àròkọ, ì báà jẹ́ lórí àtúnyẹ̀wò. Ẹ ń kàwé púpọ̀, ẹ ò pa á dé rí. Bẹ́ẹ̀, pípadé ni ìwé máa ń wà lọ́jọ́ ìdánwò. Ohun tẹ́ ẹ ò bá ṣe rí nílé láìwo ìwé, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká mú Gẹ̀ẹ́sì. D7 yín yẹn kì í ṣe òfò o. Láti A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì, D7 àti E8 jẹ́ páàsì, F9 ló wá jẹ́ pé èèyàn fìdí rẹmi. Ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí. Ìwé kejì (Paper 2) nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò yín, wákàtí méjì ni. Àròkọ ló gba máàkì 50 níbẹ̀, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n sì ní kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Àkàyé gba 20 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30. Sọ́márì gba 30, ìṣẹ́jú 40. Ìbéèrè àròkọ márùn-ún ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, ọ̀kan péré lẹ ó mú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 450.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ń máàkì kàn máa ń ka àròkọ lọ, tó bá dùn mọ́ ọn, á fún wọn ní máàkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín 50 yẹn sí. Ohun tẹ́ ẹ sọ gba 10. Bẹ́ ẹ ṣe tò ó gba 10. Bẹ́ ẹ ṣe lo èdè láti sọ ọ́ gba 20. Àìṣìkọ, ìyẹn sípẹ́lì, àmì àti gírámà, gba 10. Orí èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí 10 yẹn á fi tán. Ẹ ṣírò ó bí ẹ ṣe ń ṣírò èrè. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe 20, gbogbo 10 náà ti lọ. Ẹni tó bá dín in kù sí 8, máàkì 6 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kan, kò ka ìwé tuntun kan, àṣìṣe tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Fún ẹni tó wà ní D7, mi ò mọ ibòmíràn tí èrè ti yá tó ìyẹn.

Kí n tó sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, ẹ jẹ́ kí n mójú tó àròkọ àkọ́sórí yẹn. Èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn àgbà, mo máa ń kọ àròkọ tó dán mọ́rán sójú pátákó, màá ní kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n há a sórí. Bàbá awakọ̀ kan wà láàárín wọn. Ó há àròkọ nípa "ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé" sórí tòun ti kọ́mà inú ẹ̀. Nígbà tí mo wá dán wọn wò, lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa títì tó bàjẹ́ ni mo ní kí wọ́n kọ. Bàbá fi "Dear Sir" bẹ̀rẹ̀, ó sì kó ọjọ́ tí kò lè gbàgbé dà sínú lẹ́tà: ìjàǹbá ọkọ̀, ilé ìwòsàn, ọpẹ́ fún Ọlọ́run, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mo ṣe é. Ọkùnrin tó ń fi taya bọ́ sí kòtò láàárọ̀ lálẹ́, tó mọ ibi tí omi ń dà gba ojú títì kọjá, tó mọ iye tí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ń ná an, mo ti kó ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sí i lẹ́nu débi pé kò rántí pé òun ní ọ̀rọ̀ tòun.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé àròkọ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ìbéèrè kan bí èyí: ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ yín kan lókè òkun, kẹ́ ẹ ṣàpèjúwe ọdún kan tí wọ́n ń ṣe nílùú yín. Ẹ má tíì gbé bírò. Ẹ mú fóònù yín, kẹ́ ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ ní Yorùbá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ẹni ń fi vóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yẹn lórí WhatsApp. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà fún àlejò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, kí lẹ fẹ́ wá lọ sínú ìwé? Ẹ rí alẹ́ tí wọ́n tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún. Ẹ rí bí ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun ṣe kún lọ́jọ́ tí Arugbá ń lọ sódò. Ẹ mọ oríṣi àdìrẹ tí àwọn òyìnbó máa ń mú àti èyí tí àwọn ará Èkó máa ń ná títí tí wọn ò ní rà. Bẹ́ ẹ bá wá fi kún un pé UNESCO fi igbó yẹn sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ẹni tó ń máàkì á mọ̀ pé èèyàn tó mọ ohun tó ń sọ ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ohùn yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré sílẹ̀, ọ̀kan fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ 90, 450 yín pé nìyẹn. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó ń wọ ìlà kan nínú ìkọ̀wé tiyín. Bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ ti mọ̀ pé ìlà mẹ́wàá ni ìpínrọ̀ kan, ẹ ò ní máa fàkókò ṣòfò lórí kíka ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ wá gbé aago síwájú. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ètò, 35 fún kíkọ, èyí tó kù fún kíkà á padà. Ìwé gbogbo wà ní pípadé. Ọwọ́ á kọ́kọ́ dùn yín, torí ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti di bírò mú fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́.

Bí lẹ́tà ṣe máa ń rí kò gba wàhálà. Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, àdírẹ́sì kan, déètì, ó parí sí "Yours sincerely" àti orúkọ yín kan ṣoṣo. Lẹ́tà sí ọ̀gá tàbí ìjọba, àdírẹ́sì méjì, déètì, àkòrí lábẹ́ "Dear Sir", ó parí sí "Yours faithfully", ìbuwọ́lùwé àti orúkọ kíkún. Àpilẹ̀kọ fún ìwé ìròyìn kò nílò àdírẹ́sì lókè, àkòrí àti orúkọ òǹkọ̀wé ló nílò. Ẹ kọ èyí sórí páálí kan, ọjọ́ méjì ti tó láti mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe ló kù. Mo ti máàkì ìwé àwọn ọmọ Yorùbá pẹ́ débi tí mo fi lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe wa kì í ṣe àìmọ̀kan, Yorùbá wa ló ń yọjú. "Ó" kan ṣoṣo là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ìdí nìyẹn tí "my mother" fi máa ń di "he" ní ìlà kejì. "Lọ" kò yí padà ní Yorùbá, ì báà jẹ́ àná ì báà jẹ́ òní, la fi ń kọ "Yesterday I go". A ń sọ pé "ìwé méjì", ìwé náà ò yí, la fi ń kọ "two book". A ò lè pe bàbá wa ní "ó", la bá kọ "My father, they are angry", ẹni tó ń kà á á sì máa wá àwọn bàbá yòókù. À ń gbọ́ òórùn ní Yorùbá. Òyìnbó kì í gbọ́ ọ, nítorí náà "I heard the smell" jẹ́ àṣìṣe. "H" wá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì: "eat" á di "heat", "his" á di "is". Ẹ má gbìyànjú láti pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó ní gbogbo ẹ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń jẹ́ tẹni, tí wọ́n á máa padà wá bí oníbàárà tí kì í san owó.

Ẹ ṣe sí wọn bí ẹ ṣe ń ṣe sí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀: ẹ ṣí ìwé gbèsè fún wọn. Nóòtù kékeré kan, lápá òsì ohun tẹ́ ẹ kọ, lápá ọ̀tún bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ ní ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ fún un ní àròkọ yín, kó fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò dáa, kó má tún un kọ fún yín o. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ lẹ gbé fún un. Lẹ́yìn àròkọ mẹ́rin, ẹ ka nóòtù yẹn, ẹ ó rí àwọn tó pọ̀ jù. Láti ìgbà náà lọ, bẹ́ ẹ bá ń ka àròkọ padà kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ máa wá. Láti gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lókè, kí adùn ọ̀rọ̀ má bàa gbé ojú yín fo àṣìṣe. Àròkọ méjì lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tó kọ ogún àròkọ tí wọn ò bá a fa ìlà sí ọ̀kankan, ó kàn ń sọ àṣìṣe rẹ̀ di bárakú ni.

Ní ti máàkì 20 lórí ìlò èdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá gírámà gbàǹgbà kiri. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò lè lò nínú gbólóhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe tiyín. Gbólóhùn kúkúrú, kí gígùn tẹ̀ lé e, kí kúkúrú tún padà. Ìyẹn sàn ju ọ̀rọ̀ tó ń dún bí agogo lọ.

Àtúnyẹ̀wò wá ni. Ẹ sọ pé gbogbo ẹ̀ máa ń fò lọ. Ó ń fò lọ lórí gbogbo èèyàn. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus fi ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wo bí wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ló lọ láàárín ọjọ́ kìíní, ìyókù wá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin yìí kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà, nítorí náà ẹ má di í ru ọjọ́ orí yín. Ní Amẹ́ríkà ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà. Àwọn kan kà á, wọ́n tún un kà. Àwọn kan kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ti fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ rí i, kíkà lákàtúnkà máa ń tan èèyàn: lóru yẹn ó dà bíi pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, torí ìwé ṣì wà lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aró ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò aró, ṣebí àwọ̀ bí ewé ló máa ń ní? Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Aláró tó bá ri aṣọ lẹ́ẹ̀kan, tó fi í sínú ìkòkò di ọjọ́ kejì, kò ní rí dúdú tí ẹni tó rì í, tó sá a, tó tún rì í, tó tún sá a, máa rí. Wákàtí mẹ́ta yín lóru, rírì ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ gé e kéékèèké. Ẹ ka ohun kan fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á dé, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rántí sórí ìwé òfìfo, kẹ́ ẹ wá ṣí i, kẹ́ ẹ fi bírò pupa kọ èyí tẹ́ ẹ gbàgbé sí i. Lọ́la, ẹ tún ṣe é láìkọ́kọ́ ṣí ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Pupa á máa dín kù. Ibi tí pupa ò bá ti dín, ibẹ̀ nìkan lẹ ó padà kà.

Ẹ mú Government yín ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn òfin ìpìlẹ̀ (constitution) ayé amúnisìn ló máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: Clifford 1922, Richards 1946, Macpherson 1951, Lyttelton 1954. Bẹ́ ẹ bá há wọn sórí bí orúkọ àjèjì mẹ́rin, wọ́n á lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè: kí ni èyí ṣe tí èyí tó ṣáájú ò ṣe? Ti Clifford ló kọ́kọ́ mú ìdìbò wọlé, àmọ́ Èkó àti Calabar nìkan ló kàn. Ti Richards pín ìlú sí ẹkùn mẹ́ta. Ti Lyttelton sọ ọ́ di ìjọba àpapọ̀ gidi. Ẹ kọ ìbéèrè síwájú páálí bíbùyà kan, ìdáhùn sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kó wọn sínú àpò owó yín. Àárọ̀ kùtùkùtù tí ọjà ò tíì kún, ẹ fa márùn-ún yọ.

Ohun tó bá sì kan ìgbésí ayé yín, ẹ so ó mọ́ ọn. Dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹ̀yin gbé inú ẹ̀: apá Ìwọ̀ Oòrùn di ìpínlẹ̀ Western State ní 1967 nígbà tí Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, ní 1976 wọ́n di 19, a bọ́ sábẹ́ Ọ̀yọ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991 wọ́n di 30, Òṣogbo sì di olú ìlú Ọ̀ṣun. Ọmọdé ni yín lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ilé yín rántí ibi tó wà nígbà tí rédíò kéde rẹ̀. Ẹ bi í. Ní 1996 wọ́n di 36, Ẹkìtì wà lára wọn. Ẹ ò ní gbàgbé ìyẹn mọ́.

Èyí tó kù ò pọ̀. Aago kan òru yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Oorun ni ọpọlọ fi ń to ohun tó kọ́ lọ́sàn-án sípò. Ẹni tó ń jí oorun rẹ̀ kàwé ń fi ọwọ́ kan kó, ó ń fi ọwọ́ kejì dà á nù. Ẹ kàwé fún wákàtí kan láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, ìyẹn tó. Ẹ wá lọ yẹ ojú yín wò. Mi ò sọ ọ́ bí àwàdà o. Lẹ́yìn ogójì ọdún, lẹ́tà kéékèèké máa ń nira láti rí nítòsí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti rí àgbà tó dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi í torí pé "not" sá lójú ẹ̀. Bí ẹ bá ń na ọwọ́ jìnnà kẹ́ ẹ tó lè ka ìwé yìí, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ẹ ra awò kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ ó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò á wò yín fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á sì gbàgbé yín, torí ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀kísípò (expo, ìbéèrè tí wọ́n ní wọ́n jí) fún yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi lò ó gba A1.

Ẹ kọ lẹ́tà ọdún Ọ̀ṣun yẹn ní Sátidé yìí, ìṣẹ́jú 50, ìwé ní pípadé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí gan-an. Ẹ má dà á kọ sórí ìwé mìíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ kan án kí n tó rí i.